Baba Àtẹ́wọ́ àti Ògiri Ọgbà Pákó

Ọjọ́ tí alága ìgbìmọ̀ aṣèwádìí wọ abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni gbogbo ènìyàn fi ń rántí Baba Àtẹ́wọ́. Ọgbà ilé-iṣẹ́ pákó kan ni wọ́n wà, ọ̀sán pọ́n gan-an, alága wọ kóòtù dúdú, akọ̀wé rẹ̀ gbá fáìlì mọ́ àyà. Baba fa àpò bébà kan yọ, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ títí ó fi wú, ó sì gbá a fọ́ láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, alága ti di àwátì.

Baba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú sí abẹ́ ọkọ̀. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ gbọ́ ọ, sà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ni alága dáhùn láti ẹ̀yìn táyà.

"Àpò mélòó ló wà lọ́wọ́ mi?"

"Ẹyọ kan."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ lè máa bọ̀ níta."

Iṣẹ́ Baba ni láti tẹ́tí sí ìró ìbọn tí fóònù tàbí ẹ̀rọ bá gbà sílẹ̀, kó sì sọ fún àwọn aṣèwádìí ibi tó ti dún àti iye ìgbà tó dún. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jókòó nínú yàrá kékeré kan, tó ń wo bí ìró ṣe ń ga tó ń rẹlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, kò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé rẹ̀. Ìbọn omi tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré gan-an, ó máa ń yẹ̀ fún un.

Ibikíbi tó bá wọ̀, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, á dijú, á sì gbọ́ ohun tí ògiri máa fi dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Bí wọ́n bá ní ògiri létí, á ní ó lẹ́nu pẹ̀lú, àwọn ènìyàn ni kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, á wá kéde "Ilé kún" tàbí "Ilé ṣófo" kó tó la ojú. Ó ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹyọ kan ṣoṣo tó bí, pé ara ènìyàn máa ń gbé ìró mì. Ọmọ náà sápamọ́ sẹ́yìn àga títí tó fi dàgbà, kò rí Baba tàn jẹ rí.

Nígbà tí ọmọ yìí fẹ́ gba ilé tirẹ̀, Baba ló bá a lọ wò ó. Onílé ń yin ilé rẹ̀, ó ní ògiri náà nípọn, kò sí ariwo tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Baba pàtẹ́wọ́, ó mirí, ó ní pátákó lásán ni wọ́n kùn lọ́dà, ẹni tó wà lódì kejì ń gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn ń sọ. Onílé bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Baba ti ń ṣàárẹ̀ ni.

"Òótọ́ ni Bàbá ń sọ," ni ẹnìkan wí láti ara ògiri.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn ọgbà pákó kì í fi kún un ni pé ara rẹ̀ gan-an ni Baba lọ já nírọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ mọ̀, nítorí ọwọ́ òun ló ti bẹ̀rẹ̀.

Olè kan ló wọ ọgbà náà. Bó ṣe ń sá lọ, ó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀. Ọta ba awakọ̀ kan lẹ́sẹ̀. Ìró méjì ló sì wà nínú fóònù ẹnìkan tó gbà á sílẹ̀, ni wọ́n bá ní ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ló yin èkejì, pé ọta tirẹ̀ ló ba awakọ̀. Ọlọ́dẹ ní òun ò yìnbọn rárá. Ìbọn rẹ̀ ti sọnù nínú rògbòdìyàn náà, kò sí ohun tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n mú Baba lọ síbẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́, ògiri kò dáhùn. Ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìró kejì kì í ṣe gbohùngbohùn, ìbọn méjì ló dún.

Níwájú ìgbìmọ̀, ọlọ́dẹ bi í pé, "Bàbá, ṣé etí yín kì í ṣì yín lọ́nà ni?"

"Ọgbọ̀n ọdún rèé," ni Baba wí, "kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀." Wọ́n mú ọlọ́dẹ padà sí àtìmọ́lé. Wọ́n ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn máa parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọmọ Baba ní kí wọ́n kun yàrá bàbá òun. Ó kó bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àti ìwé jáde. Baba dé, ó pàtẹ́wọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Yàrá náà dá a lóhùn ketekete. Ó tún pàtẹ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ rò pé ó máa bínú nítorí ẹrù, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ lásán ló jókòó sí.

"Pákó," ló wí. "Pákó ló kún ẹ̀bá ògiri yẹn lọ́jọ́ tí mo lọ. Ṣé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí olè wá?"

Ojú ẹsẹ̀ ló ní òun máa lọ sọ fún ìgbìmọ̀. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣàwárí rẹ̀, kí orúkọ ọgbọ̀n ọdún má bàa bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ṣì ń dùn ún títí di òní pé òun sọ bẹ́ẹ̀.

Baba wò ó lójú. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìbọn ni mo gbọ́ tẹnu ẹ̀. Mi ò gbọ́ tẹnu ògiri."

Ìwé ọgbà fi hàn pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn olè ni pákó dé. Baba fi àáké kọ́rí títí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó gbé fóònù síbi tí ẹni tó gba ìró náà sílẹ̀ dúró sí, ó lọ dúró síbi tí olè ti yìnbọn, ó wá gbá àpò rẹ̀ fọ́. Àyè tó wà láàárín ìró méjèèjì kò fi bíńtín yàtọ̀ sí ti inú fóònù. Nígbà tí alága gbọn eruku kóòtù rẹ̀ tán, Baba kọjú sí ọlọ́dẹ, tí wọ́n ti mú wá láti àtìmọ́lé, níwájú gbogbo wọn.

"Ọmọ mi, etí mi ṣì mí lọ́nà. Má bínú."

Ọlọ́dẹ wo alága, ó bi í bóyá òun lè máa lọ sílé. Wọ́n ní kó máa lọ.

Oṣù tó kọjá ni Baba Àtẹ́wọ́ papò dà. Ọmọ rẹ̀ ń wọ yàrá rẹ̀, ó ń jáde, kò gbójú pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, nítorí ó mọ ohun tí ògiri máa wí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, ilé kún fún àwọn tó wá bá a kẹ́dùn. Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dijú, ó tẹ́tí sílẹ̀. Ọlọ́dẹ ni.

"Ilé kún, Bàbá," ló wí.

Ẹ̀rín pa ọmọ Baba, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Baba ti kú, kí ẹ̀rín náà tó tán, omi ti dà lójú rẹ̀. Ó fa ọlọ́dẹ lọ́wọ́ gba àárín èrò kọjá, ó sì fi í jókòó sórí àga bàbá rẹ̀.