Ọgọ́rùn-ún Mítà Ọkọ Mi

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n pín gbogbo ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀ tán, àfi ìbọn. Bí wọ́n ti ń ṣe é nínú ẹbí wa nìyẹn: bí ẹnì kan bá kú, aṣọ rẹ̀, fìlà rẹ̀, bàtà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń pín fún àbúrò àti ọ̀rẹ́. Mo jókòó sórí ibùsùn ní yàrá wa ní Peckham, nílùú òyìnbó, mo fi híjáàbù dúdú borí, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń tú wọ́dúróòbù. Àbúrò rẹ̀ kan gbé bùbá funfun tó máa ń wọ̀ lọ kí Jímọ̀. Ẹnì kan láti mọ́sálásí mú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Bàtà rẹ̀ tí ìgìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lápá kan nítorí bó ṣe máa ń rìn, ìyẹn pàápàá rí ẹni tó gbé e. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni, èmi náà ti gba aṣọ òkú rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán tí mo ṣí wọ́dúróòbù, hángà lásán ló ń mì níbẹ̀, ó sì dà bíi pé wọ́n tún gbé e kúrò nílé lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbọn nìkan ni wọn ò lè fọwọ́ kàn. Inú àpótí irin tí a kàn mọ́ ògiri ló wà, ó sì wà lórí láísẹ́ǹsì tèmi àti ti ọkọ mi. Ní ìlú yìí, ẹni tí kò bá ní láísẹ́ǹsì ò lè sọ pé òun fẹ́ jogún ìbọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Deptford ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù.

"Ìyàwó wa, ìbọn yẹn ńkọ́? Èmi ni mo dàgbà jù o."

"Bùọ̀dá mi, ẹ má bínú. Police ò ní gbà. Tẹ́ ẹ bá gbé e báyìí, prison ni, straight."

"Prison kẹ̀? Ṣé mo fẹ́ fi jalè ni? Mo kàn fẹ́ gbé e kọ́ sí parlour ni, kí n máa wò ó."

"Ẹ jẹ́ kí n ya photo ẹ̀, kí n send ẹ̀ sórí phone yín."

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ.

Mo mọ̀ pé ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé obìnrin tó ń ra iṣu ní Rye Lane lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ló ń yìnbọn lọ́jọ́ Àìkú. Ọkọ mi ló fà mí wọ inú ẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló sì mú un wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn ṣeré ìdárayá. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti bí i, níbi tí ojú ti ń ríran jìnnà. Ó máa ń ráhùn pé ní Peckham, ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú ẹni lojú ń mọ. Nígbà tó kọ́kọ́ dé pápá ìyìnbọn tó rí ilẹ̀ gbalasa níwájú rẹ̀, ó délé wá bá mi, ó ní ojú òun ti là. Kò pẹ́ tí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ. Bí mo bá ń yìn, á dúró lápá òsì mi, á gbé awò ńlá sójú, á máa wo ibi tí ọta mi bà. Bó bá bọ́ sí àárín bébà tí à ń yìn, á pariwo pé, "Mọ́mì, ó ti délé!"

Ìbọn wa gùn ju apá mi lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n irú ọta kékeré tí ìbọn ìléwọ́ ń lò ló ń lò. Kì í gbáni léjìká, ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Awò kan wà lórí rẹ̀ tí à ń wo inú rẹ̀ bí a bá fẹ́ yìn ín. Níwọ̀n bí awò ti wà lókè tí ẹnu ìbọn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà ojú yàtọ̀ sí ọ̀nà ọta. Ọta kékeré kì í yára, bó bá ti jáde báyìí, ilẹ̀ ti ń fà á. Ẹni tó ni ìbọn ló máa yan ibi tí ojú àti ọta yóò ti pàdé, á wá máa fi ìka yí kókó kékeré orí awò títí wọ́n á fi pàdé níbẹ̀. Bí èèyàn bá yan àádọ́ta mítà, ọta rẹ̀ ò ní jìnnà sí àárín ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bó bá yan ọgọ́rùn-ún, ọta gbọ́dọ̀ gba òkè lọ, á sì fo orí ohun tó bá wà nítòsí.

Ọgọ́rùn-ún ni ọkọ mi yàn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti àádọ́ta ni gbogbo ẹgbẹ́ ń yìn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń háyà pápá ńlá ní Surrey fún ti ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, kò yí i padà. Àwa tá a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe ohun gbogbo nìyẹn. A ra àwo tánganran olódòdó kan, ó ní kí n má tú u nínú páálí.

"Mọ́mì, ti ilé nìyẹn. Tá a bá délé la máa lò ó."

"Dádì, ebi ń pa wá níbí náà o."

"Ẹ fi plastic jẹun. Tá a bá délé, ẹ máa gbádùn."

Nígbà tí mo bá ní ká lọ jókòó ní Lordship Lane, ká mu tíì bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe, ká kàn máa wo ojú ara wa, á ní tá a bá délé, a máa jókòó sí fàráńdà wa látàárọ̀ dalẹ́. Fàráńdà náà wà lóòótọ́ ní Òkè-Ògùn, ó ti kọ́ ọ parí. A ò jókòó síbẹ̀ rí. Ọ̀sán gangan ni ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní gáráàjì bọ́ọ̀sì, àwa Mùsùlùmí kì í sì í fi òkú pamọ́. Ìlú yìí la sin ín sí. Bọ́ọ̀sì kan péré ló ń gbé mi dé ibojì rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa.

Nígbà tí mo ṣe opó tán, mo padà sí pápá. Ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọta mi ń bọ́ sí ìwọ̀n ìka mẹ́ta lókè ibi tí mo wò. Ní àádọ́ta, ó ju ìbú ọwọ́ lọ. Kókó kékeré yẹn ló yẹ kí n yí, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí i. Ṣùgbọ́n ìka ọkọ mi ló fi í síbi tó wà. Nínú gbogbo ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láyé, òun nìkan ló kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé kúrò. Nítorí náà mo fi í sílẹ̀. Òfìfo ìsàlẹ̀ bébà ni mò ń fojú sun, kí ọta lè gòkè lọ bá àárín. Nígbà mìíràn ó máa ń bá a, lọ́pọ̀ ìgbà kì í bá a.

Ọ̀gá pápá, ìyá arúgbó òyìnbó kan tó fẹ́ràn ọkọ mi dáadáa, ń wò mí lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wá jókòó tì mí. Ó ní kí n dárí ji òun, ṣùgbọ́n òun ò lè máa wo ẹni tó ń fojú sun ibi tí kò fẹ́ kí ọta rẹ̀ lọ. Ó ní kí n yan iye mítà tí mo ń yìn gan-an, kí n sì yí awò sí i. Mo sọ fún un pé mo ti gbọ́. Ọmọbìnrin mi náà ò jẹ́ kí n sinmi.

"Mummy, ẹ kàn yí i now. It's only a knob."

"Tó o bá délé ọkọ, wàá mọ̀ bóyá knob ni."

"Daddy ò sí nínú ìbọn, Mummy. I miss him too, ṣé ẹ mọ̀?"

Mo dì mọ́ ọn nínú kíṣìnnì, a jọ sunkún.

Nígbà tí ẹgbẹ́ tún háyà pápá ńlá, ọkọ̀ wọn gbé mi ní ibùdókọ̀ Elephant. Mo dojú bolẹ̀ sórí ẹní ní ibi ọgọ́rùn-ún mítà. Mo fojú sun àárín gan-an, láìwo ìsàlẹ̀, láìṣírò ohunkóhun, mo yìn ín. Ibi tí mo wò ni ọta lọ. Mo tún yìn ín, ó tún lọ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ koríko lẹ́lẹ́ láàárín èmi àti bébà, ojú ọ̀run fẹ̀, mo sì rí ohun tí ọkọ mi ń wá wò níbẹ̀. Àárò rẹ̀ sọ mí débi pé mi ò lè dìde. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ lábẹ́ híjáàbù mi pé, "Dádì, mo rí i. Ó dáa. Ó jìnnà jù ni."

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a lọ sí apá ibi àádọ́ta. Mo sọ fún ọ̀gá pápá wa, tó bá wa wá, pé mo fẹ́ yí i. Ó ní bí mo bá ti ń yí i, á máa dún kẹ́, kẹ́, lábẹ́ ìka mi, kí n máa ka ìró náà, kí n lè dá a padà sí tọkọ mi nígbàkígbà tí ó bá wù mí. Mo fi ìka mi lé ibi tí ìka rẹ̀ ti wà. Mo yí i, omi ń dà lójú mi, mi ò ka nǹkan kan.

Mo yìn ín. Mo wo inú awò, mo rí ihò kékeré náà láàárín bébà. Mo yíjú sápá òsì mi, mo dúró kí ẹnì kan sọ fún mi pé ó ti délé.