Ọkọ Mi Kò Jẹ Ata Mọ́

Ìfura loògùn àgbà. Nígbà tí ọkùnrin Èkìtì bá ti iyán sẹ́yìn, tó ní òun ti yó, ìyàwó tí kò bá fura, sùúrù rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Iṣẹ́ ẹrù ni ọkọ mi ń ṣe ní pápákọ̀ òfurufú, torí ẹ̀ la ṣe ń gbé Mafoluku. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé ní Ìsọlọ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, bí ọbẹ̀ ò bá jẹ́ kó làágùn, á bi mí bóyá aláìsàn ni mo sè é fún. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bu òkèlè kékeré, tó ń lọ́ ojú. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní inú òun kún. Nígbà tó yá, ó ní ata mi ti pọ̀ jù. Èmi kẹ̀! Ata tí mo ti ń sè fún un láti ìgbà èwe wa ló wá pọ̀ jù lójijì.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọkọ tí kì í jẹun nílé, ibì kan wà tó ti ń jẹ ẹ́. Mo gbọ́ òórùn aṣọ rẹ̀. Mo yẹ fóònù rẹ̀ wò nígbà tó wà ní balùwẹ̀, mi ò rí nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló tún jẹ́ kí n fura sí i. Ta ni fóònù rẹ̀ máa ń mọ́ tó báyẹn?

Ní Sátidé kan, ó ní òun ń lọ sípàdé ọmọ ìlú ní Èjìgbò. Mo jẹ́ kó lọ, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo tẹ̀ lé e. Ó sọ̀ ní Ailegun, ó yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan. Mo ní nínú ara mi pé, ọwọ́ pálábá rẹ ti ségi lónìí. Mo so gèlè mi le, mo já wọlé.

Ọkọ mi ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó di ife ẹ̀kọ mímu tó ti tutù mú. Ó ń fi ṣíbí bù ú sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ṣoṣo, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ náà lè bí èmi àti òun. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìyàwó ẹ nìyí? Ọpẹ́ o. Mo ti ń sọ fún un pé kó fi ẹnu yẹn han ẹnìkan."

Kí n má purọ́, ó dùn mí pé kì í ṣe àlè ni mo bá níbẹ̀. Obìnrin, mo mọ bí mo ṣe máa lé e lọ. Ẹ̀rù bà mí títí a fi délé.

Mo ní kó la ẹnu kí n wò ó. Ó ní, "Ṣé ọmọ kíláàsì rẹ ni mí, Tíṣà?" Kì í ṣe èèwọ̀ lọ́dọ̀ wa pé kí ìyàwó yọjú wo ẹnu ọkọ, kò kàn sẹ́ni tó ń ṣe é ni. Èmi náà ò wò ó rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀. Mo dúró tì í lójú fèrèsé títí ó fi là á. Egbò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n rẹ̀, ó funfun létí, ó pọ́n láàárín. Mo fi ìka kàn án, ó le bí kókó igi.

"Láti ìgbà wo, Dádì?"

"Kò tíì pẹ́. Ooru inú ni. Mo ń mu àgbo."

Kò tíì pẹ́ kọ́. Mo ti ń rí i tó ń lọ́ ojú sí oúnjẹ mi láti ìgbà òjò.

Abúrò rẹ̀ obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó. Àǹtí ni mo ń pè é, torí ó ti wà nílé kí n tó wọlé ọkọ. Mo ṣàlàyé fún un lórí fóònù, kò sì fi bò rárá: ó ní jẹjẹrẹ ló ń ba òun lẹ́rù, pé kí ẹ̀gbọ́n òun lọ sọ́sípítù kíá. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ọkọ mi ti rí ohun tí yóò fi dá a lóhùn. Ó pè é padà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ti kà á lórí fóònù. Jẹjẹrẹ ẹnu àti ti ọ̀fun, àrùn òyìnbó ni. Wọ́n to àwọn orílẹ̀-èdè léra, ẹ̀yin lẹ wà lókè, àwa wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ka ìyókù," ni Àǹtí wí. "Nínú àwọn tó ń ṣe níbí, ọ̀pọ̀ ló ń yè é, torí dókítà eyín ti máa ń rí i kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dunni. Lọ́dọ̀ yín, ọ̀pọ̀ ni kì í yè é."

"Irọ́! Wọ́n kàn fẹ́ ba orúkọ wa jẹ́ ni."

Ẹ gbọ́ mi o. Ojú ìwé kan náà! Ó gba apá tó dùn mọ́ ọn gbọ́, ó pe apá kejì nírọ́. Èmi fura sí apá tó dùn yẹn gan-an. Ta ló wá kà wá ní Mafoluku? Àwa tíṣà ni wọ́n máa ń lò fún ìkànìyàn, mo sì mọ bó ṣe ń lọ. Ilé tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í wọ iye.

Mo wá rántí bàbá télọ̀ tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa. Kó tó kú, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ló ń wé síkáàfù mọ́ ọrùn. Ohùn rẹ̀ há, ó há títí, a ò gbọ́ ọ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní òtútù ni. Ohun tí wọ́n kọ sára pósítà ìsìnkú rẹ̀ ni "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́". Ráńpẹ́ báwo?

A kì í bi opó ní ohun tó pa ọkọ rẹ̀. Mo lọ bi í.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń wò mí bí ẹni tó wá jí adìyẹ. "Ta ló rán ẹ?"

"Màmá, kò sẹ́ni tó rán mi. Ọkọ mi ni. Egbò wà lẹ́nu ẹ̀, kò fẹ́ lọ sọ́sípítù."

Ọwọ́ rẹ̀ já bọ́ lára ilẹ̀kùn. Ó fa ìborùn, ó sì ṣáájú mi sọdá títì.

Ó jókòó síwájú ọkọ mi. "Bàbá, ọ̀fun ló pa ọkọ mi. Jẹjẹrẹ ni. Àwọn ẹbí ní ká má sọ, pé ayé á yọ̀ wá, mo sì gbọ́ tiwọn."

"Kí ni dókítà sọ?"

"Ó ní ká ní a tètè dé ni. Omi gan-an ò gba ọ̀fun ẹ̀ lọ mọ́ ká tó lọ. Wọ́n fẹ́ gé díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò, a ò gbà, a gbé e padà sílé. Ilé ló kú sí."

Ọkọ mi wo fóònù tó wà lórí sítúùlù. "Ṣé wọ́n wá kọ ọ́ síbì kankan, pé ohun tó pa á nìyẹn?"

"Ta ló máa kọ ọ́? Àwa ìyàwó àtọmọ ò kọ ọ́."

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ọkọ mi dojú fóònù náà délẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, tó bá di Mọ́ńdè, a ó lọ."

A lọ. Wọ́n gé díẹ̀ yẹ̀ wò, òun náà ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n sì gé lára ahọ́n rẹ̀. Dókítà ní kò tíì tàn ká, pé ìrètí wà. Mo ń wo ojú dókítà náà bóyá ó ń tàn mí, mo ṣì ń wò ó títí di òní.

Nígbà tá a padà sílé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá láti Èkìtì. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀. "Ìyàwó, bí wọ́n bá béèrè, ibà ni o. Káyé má gbọ́." Lọ́jọ́ yẹn náà làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kún pálọ̀ wa, ìyàwó bàbá télọ̀ jókòó láàárín wọn. Ẹnìkan béèrè pé kí ló ṣe Dádì. Mo ti la ẹnu, "ibà" ti dé ètè mi.

Ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀, itọ́ sì ń dà.

"Jẹjẹrẹ ẹnu ni."

Wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tún un sọ. Ó wá nawọ́ sí ìyàwó bàbá télọ̀, tó ti ń fi ìborùn nu ojú.

"Ẹ kà mí mọ́ àwọn tó ń ṣe," ó ní. "Ẹ ka ọkọ tiẹ̀ náà."