Àmì Tó Ṣí Lọ sí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì

Àṣìṣe kékeré kan ṣoṣo ni Má-Fọwọ́-Kàn-án ṣe: ó gbàgbé láti yí ojú ìyá rẹ̀ sódì. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà lè rò pé èébú ni. Èébú kọ́. Iṣẹ́ ni.

Ayàwòrán ni ọkùnrin yìí. Ìyàwó rẹ̀ ló fún un lórúkọ, nítorí ohun tó máa ń wí fún àlejò nìyẹn kó tó kí i. Fọ́tò pélébé tí à ń lẹ̀ mọ́ káàdì ló fi bẹ̀rẹ̀, títí ó fi gbọ́ nípa pìlátínọ́ọ̀mù àti pàládíọ́ọ̀mù, irin iyebíye méjì tí wọ́n ń sọ di omi, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn sára ìwé, tí àwòrán orí rẹ̀ kì í sì í tètè ṣá. Wọ́n ní ó lè lo ẹgbẹ̀rún ọdún. Láti ọjọ́ náà ni fọ́tò tí ọmọ-ọmọ lásán lè rí ti di ẹ̀gbin lójú rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ sọ fọ́tò di nẹ́gátíìfù: funfun á di dúdú, dúdú á di funfun. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníyíǹkì á tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀rá líle tó mọ́ gaara. Wọ́n á wá da ojú yíǹkì ọ̀rá náà bo ìwé tí wọ́n ti kùn, gíláàsì á tẹ̀ wọ́n mọ́ra, iná tó ń ṣe bí oòrùn á sì tàn sí wọn, kí wọ́n tó fọ ìwé náà, kí wọ́n sì sá a gbẹ. Ohun tó bá sì dojú bolẹ̀, ọ̀tún rẹ̀ á di òsì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ènìyàn ti yí i sódì lórí kọ̀ǹpútà, kí òdì kejì lè tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè rántí èyí. Ọ̀gá kò rántí.

Ìyá rẹ̀ ló ń dúró de àwòrán náà. Dókítà ojú ti sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ ń lọ, kò sì ní padà. Màmá tó ti ń sá fún kámẹ́rà láti kékeré wá ní òun fẹ́ rí àwòrán ara òun lẹ́ẹ̀kan, kí ilẹ̀ tó ṣú fún òun. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi fóònù yà á lẹ́bàá fèrèsé, ó sì ní kí wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù iwájú òpópónà, kó tó ọwọ́ màmá lọ́jọ́ náà.

"Níbo?" ni ọkọ rẹ̀ bi í, bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ jalè.

Ó ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, tó ti sọ di yàrá iṣẹ́. Kò tíì tẹ ìyá rẹ̀ o. Onígun mẹ́rin kéékèèké aláwọ̀ eérú ló ń tẹ̀, láti funfun dé dúdú, kó lè mọ bí yíǹkì ṣe ń dènà iná sí. Eérú oríṣiríṣi bo ògiri ilé.

"Bàbá ọmọ mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn lọ́wọ́, "èwo nínú wọn ni màmá?"

"Eérú ìsàlẹ̀ yẹn ò tíì là dáadáa."

"Mo gbọ́. Ojú màmá náà ò là dáadáa mọ́."

Nígbà tó tẹ màmá tán, àwòrán náà dára púpọ̀. Irun orí màmá ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àfi pé àmì dúdú tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ṣí lọ sí ti òsì.

"Ta ló máa kíyè sí i?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ gbé e fún wọn."

"Kí n gbé irọ́ fún ìyá mi? Irọ́ ẹgbẹ̀rún ọdún?"

Ó jù ú sẹ́yìn àpótí, ó padà sídìí eérú. Ọ̀rá tán, ó dúró de òmíràn. Ọ̀rinrin wọ ìwé. Ó tún òmíràn kùn. Láàárín ìgbà náà, ojú òsì màmá kú pátápátá. Màmá kò bínú. Ó kàn ń bi wọ́n lórí fóònù pé, "Ṣé mo ti gbẹ?"

Níkẹyìn, ọmọ gbé èyí tó pé, tí àmì rẹ̀ ti padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, lọ. Ìyàwó rẹ̀ bá a lọ, ó gbé báàgì dání. Màmá jókòó sẹ́nu fèrèsé, ó fi ojú kan tó kù wò ó, ó sún un mọ́ imú, ó sún un sẹ́yìn.

"Ó dára o. Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, màmá."

"Èmi kọ́. Ó jọ ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí kì í dáhùn tí mo bá kí i." Ó fi ìka tọ́ ọ. "Apá ọ̀tún ni àmì mi máa ń wà. Apá ọwọ́ òsì mi lèyí wà."

Má-Fọwọ́-Kàn-án bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀tún fún ẹni tó kọ́ ọ ní ọ̀tún. Ìyàwó rẹ̀ sọ báàgì kalẹ̀. Ó fa ìwé ẹ̀yìn àpótí yọ nínú báàgì. Àbàwọ́n tíì tó rí roboto bí òrùka wà ní igun rẹ̀ kan, nítorí ó ti fi dé ife rí.

Màmá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìka rẹ̀ àti àmì inú àwòrán wà ní apá kan náà, bí wọ́n ti máa ń wà láràárọ̀. Obìnrin tó sá fún kámẹ́rà títí, dígí nìkan ló fi mọ ara rẹ̀. Irin iyebíye méjì kò ronú kan ìyẹn.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni ó wí. "Èmi rèé."

"Màmá, òdì nìyẹn," ni ọmọ rẹ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì na ọwọ́ sí i.

"Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Má fọwọ́ kàn án."

Ojú kejì màmá kú kí àkókò òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwòrán náà wà lára ògiri pálọ̀ màmá, tòun ti òrùka tíì. Nígbà tí a gbúròó Má-Fọwọ́-Kàn-án kẹ́yìn, yàrá ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, kí wọ́n lè máa tọ́jú màmá.