Ẹni Tó Máa Ń Sọ Pé Igbó Ti Gbó

Má bínú, ọmọ ọmọ mi, orí mi ò gba nǹkan dúró mọ́. Èyí tí mo bá rántí ni kó o kọ. Òórùn igbó yẹn ṣáá ni mi ò gbàgbé. Ní ìlú Laurel nílẹ̀ òyìnbó níbí ni, wọn ò tíì bí ẹ. Bàbá kan nílé tó kángun sí tiwa, aláwọ̀ dúdú ọmọ ibí, gbin igbó tí wọ́n ń mu sínú ìkòkò ní yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, torí ìrora jẹjẹrẹ ò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ sùn. Òfin ò gbà á nígbà yẹn. Bóyá torí pé mi kì í sọ̀rọ̀ ló ṣe fi hàn mí.

Ìyàwó yẹn ló máa ń sọ ìgbà tí wọ́n máa gé e. Ọkọ á já òdòdó kékeré kan lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó á fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Tí oje wínníwínní ara rẹ̀ bá ṣì mọ́ bíi gíláàsì, kò tíì yá. Tó bá ti funfun bíi wàrà, tí díẹ̀ ti ń pọ́n bí oyin, ó tó. Èmi á wà nísàlẹ̀, màá máa gbọ́ ikọ́ ìyá náà lókè orí mi.

Mo wá lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá ẹ ní Texas, mo pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé yàrá abẹ́ ilé yẹn, ewé igbó yẹn ti ń já sílẹ̀, òdòdó rẹ̀ ti dúdú, ìgbà gígé rẹ̀ ti kọjá. Fáànù ń fẹ́, gbogbo rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá já ọ̀kan, ó gun àtẹ̀gùn lọ. Mo tẹ́tí, mi ò gbọ́ ikọ́, mi ò gbọ́ ohùn kankan. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ó ní kò tíì tó."

Mo délé, mo bi ìyá ẹ. Ó ní wọ́n ti sin ìyàwó yẹn nígbà tí mo wà ní Texas, pé bàbá náà kì í jáde mọ́, kì í sì í jẹun.

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ̀ lé e gòkè. Bẹ́ẹ̀dì wà ní títẹ́ rekete. Ó na òdòdó sí pílò, ó ń retí èsì. Mo tẹríba, mo kí ìyàwó rẹ̀ bí mo ṣe máa ń kí i. Ni èdè òyìnbó tí kì í yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu bá jáde geere: "Ìyàwó yín ní ó ti tó. Ó ní kẹ́ ẹ gé e."

Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Lọ́sàn-án yẹn ló gé gbogbo rẹ̀, ó sì jẹ ìrẹsì tí mo gbé wá.

Mo máa ń sọ fún ara mi pé irọ́ ni mo pa kí ara lè tu ú. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ro ohun tí mo máa sọ kí ẹnu mi tó là. Ohun tó yé mi ò ju pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó tó, ẹlòmíràn ló máa bá a sọ ọ́. Ó yá, rọra ka ohun tó o kọ sókè, kí n gbọ́ bóyá ohùn tèmi náà lo bá mi kọ.