Ọwọ́ Mi Nìkan Ló Wọ Kíláàsì

Bẹ́ǹṣì kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ jókòó lé láti kíláàsì kìíní títí dé ìkarùn-ún, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ògòtún. Bí olùkọ́ bá bi mí ní ìbéèrè, ẹnu mi kì í ṣí. Ọ̀rẹ́ mi ni yóò fi ìgbúnwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sọ ìdáhùn sí mi létí, èmi náà yóò sì tún un sọ síta. Nígbà tí ìyá mi kú, mo kúrò nílé-ìwé, mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, tó ń hun ẹní. Ọ̀rẹ́ mi ń ka ìwé tirẹ̀ lọ. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì padà wá ń kọ́ kíláàsì ìkarùn-ún, nínú yàrá gan-an tí mo ti fi ìwé sílẹ̀.

Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó máa ń yà sọ́dọ̀ mi. Yóò bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, yóò jókòó sórí ẹní tí mo ń hun lọ́wọ́.

"Dìde níbẹ̀, jàre. Ìdí ẹ ń fa ewé mi ya."

"Ìlara lo ń ṣe. Ìwọ tí o ò ní ìdí, kí lo fẹ́ fi jókòó lé ẹní?"

Báyìí la ṣe máa ń ṣe. Ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ láìwo ilẹ̀ kò ju méjì lọ láyé, òun àti ìyá àgbà.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí ilé-ìwé wọn, èyí tó ń gbé àwòrán inú fóònù sára ògiri, pẹ̀lú sólà tí yóò máa fún un níná. Wọ́n ní àwọn ará mínísírì ń bọ̀ wá wo bí àwọn olùkọ́ ṣe ń fi í kọ́ ọmọ. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò múra ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀rẹ́ mi mú.

"Ẹní híhun ni màá fi ṣe é," ó wí. "Ìwọ lo sì máa kọ́ wọn."

"Èmi kẹ̀? Níwájú ta?"

"Gbọ́ ná. Màá fi fóònù ya fídíò ọwọ́ ẹ. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ wò ó lára ògiri, gbàgàdà. Lẹ́yìn náà ni wàá wọlé, wàá jókòó láàárín wọn, wàá sì parí rẹ̀ lójú wọn."

"Ojú á tì mí."

"Màá jókòó tì ẹ́. Bí ẹnu ẹ ò bá ṣí, màá gún ẹ ní ìgbúnwọ́."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìgbúnwọ́ yẹn ló mú mi gbà. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀, mi ò wọ yàrá yẹn mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń gbà lọ sétí odò láti gé ewé, mo sì máa ń gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé pọ̀. Mi ò bèèrè pé kí wọ́n dá mi padà sílé-ìwé. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí n gba ẹnu ọ̀nà wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí ó jẹ́ pé èmi ni mo mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Sátidé ni ó wá ya fídíò náà. Mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ títí, aró tó ti wọnú èékánná mi kò kúrò, àpá ọ̀bẹ sì wà káàkiri àtàǹpàkò mi.

"Má fi ojú mi sí i o," mo bẹ̀ ẹ́.

"Ojú ẹ ò kàn mí. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ṣe é."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ tí mo tún ní kí ó dúró ná. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo gbàgbé fóònù. Mo ń sọ ọ́ bí ọwọ́ mi ṣe ń lọ: bí a ṣe ń la igi ewé, bí a ṣe ń rẹ ẹ́ kí ó lè rọ̀, bí a ṣe ń fi ọ̀kan gorí méjì kí a tó gbà á sábẹ́ òmíràn. Mo tilẹ̀ ní, "Ẹ má fi agbára fà á o, kì í ṣe okùn ewúrẹ́," mo sì rẹ́rìn-ín ara mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá àgbà ti dá ọwọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ dúró, ó ń wò mí.

"Mi ò mọ̀ pé o lẹ́nu tó báyìí," ó wí.

Ibi etí ẹní ni mo dúró. Etí ló le jù nínú ẹní. Bí a kò bá ká orí ewé kọ̀ọ̀kan padà sábẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e, kí a fà á le, gbogbo rẹ̀ yóò tú. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kúkú ṣe é parí. Mo ní rárá, ìyẹn ni èmi yóò wá ṣe níwájú wọn. Ó ní kò burú.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi. Mo di ewé ní ìdì ọgbọ̀n, ìdì kan fún ọmọ kan, mo fi aṣọ tútù wé e kí ó má baà gbẹ lójú ọ̀nà. Ìyá àgbà bá mi gbé e rù.

"Gbóhùn sókè ní ulé-ùwé o. Má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jí ẹran nínú ìkòkò."

Nígbà tí mo dé, ilẹ̀kùn kíláàsì wà ní títì. Wọ́n ti ta aṣọ sójú fèrèsé gbogbo kí inú rẹ̀ lè ṣókùnkùn. Mo sọ ẹrù kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì yọjú níbi tí aṣọ kan ti ya díẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo rí. Ó kún ògiri. Àpá ọ̀bẹ tó wà ní àtàǹpàkò mi gùn tó ọmọ kan.

Mo ń retí ohùn mi. Ohùn ọ̀rẹ́ mi ni mo gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹnu rẹ̀ pa dé, inú ẹ̀rọ ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde. Ó ti yọ tèmi kúrò, ó sì ti sọ gbogbo ohun tí mo sọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi okùn ewúrẹ́, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin kan láti mínísírì dìde. "Èyí dára gan-an. Ọwọ́ ta ni?"

"Ìyá àgbà kan ni, sà," ọ̀rẹ́ mi dáhùn. "Wọn ò lè rìn dé ibí mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ya fídíò wọn."

"Ẹ wò ó! Ohun tá a ní kẹ́ ẹ máa fi ẹ̀rọ ṣe nìyẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí òun náà ṣe ń pa á, ojú rẹ̀ àti tèmi ṣe mẹ́rin níbi tí aṣọ ti ya. Ó rìn wá síbi fèrèsé. Mo rò pé ó ń bọ̀ wá pè mí. Ó fa aṣọ náà pọ̀, ó sì padà síwájú.

Mo ṣì dúró. Mi ò kan ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé mi ò ní kàn án.

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, ó jáde bá mi. "Àṣé o wá!"

"Ìwọ lo ní kí n wá."

"Mo mọ̀. Ọ̀gá wa ló ní àkókò ò ní tó, pé fídíò yẹn nìkan ti ṣe é. Ohùn ẹ ò sì dún sókè, ni mo fi tún un sọ. Má bínú. Ṣebí ojú máa ń tì ẹ́? Mo gbà ẹ́ sílẹ̀ ni."

"Ìyá àgbà wo lò ń sọ fún wọn?"

Ó wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí mo bá ní ọ̀dọ́ ni, wọ́n á bèèrè ìdí tí kò fi wá. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Ta ló mọ ọwọ́ ẹ nínú wọn?"

Mo gbé ẹrù mi padà sílé. Ìyá àgbà wo ìdì ewé, ó wo ojú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó mú ọwọ́ mi, ó ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá nǹkan lára rẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọ̀rẹ́ mi tó tún yà sọ́dọ̀ wa. Kò bọ́ bàtà. Fóònù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹní tí àwọn ọmọ wo fídíò hun ń tú," ó wí. "Wọ́n ní kí n kó o wá sí Adó kí àwọn olùkọ́ yòókù wá wò ó, kò sí èyí tó dúró nínú wọn. Etí yẹn nìkan. Ìṣẹ́jú méjì péré, jọ̀ọ́."

Etí ẹní ni mo sì ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà. Kí n má purọ́, ọwọ́ mi fẹ́ máa lọ. Mo ro ti àwọn ọmọ yẹn.

"Kí n kọ́kọ́ gbọ́ èyí tí mo ti sọ̀rọ̀," mo wí.

Ó wo fóònù, ó wo ilẹ̀. "Mo ti pa á rẹ́. Fóònù mi kún."

Láti inú yàrá ni ìyá àgbà ti dá a lóhùn. "Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o! Mo gbọ́ pé ìyá àgbà kan ní ń bá ọ kọ́ ọmọ. Èmi nìkan ni ìyá àgbà inú ulé yìí, ẹsẹ̀ mi sì le. Ṣé kí n rìn fún ọ kí o fi ya fídíò?"

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Mo sún ìdí díẹ̀, mo jókòó lé etí ẹní náà, mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ ìró.

"Ẹ máa lọ, Àǹtí," mo wí.

Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tí wọ́n da omi lù. Ó dúró síbẹ̀, ó ń retí kí n sọ pé mo ń ṣeré ni. Lẹ́yìn náà ó yípadà, ó lọ.

Nígbà tí mi ò gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ mọ́, mo dìde lórí ẹní náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí rẹ̀, ewé kan sábẹ́ ìkejì, mo ń fà á le. Mi ò mọ̀ pé mo ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu bí mo ṣe ń ṣe é, àfi ìgbà tí ìyá àgbà yọjú.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo ní kò sí ẹnìkankan.