Ìlà Káńfọ̀

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí ilé-ìkàwé ìṣègùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àárín ìwé la máa ń tò ó sí nítorí aáyán. Inú òórùn yẹn ni mo ti kọ́ láti bọ̀wọ̀ fún ìwà ńlá kan tó yẹ kí ìlú fi joyè: ìwà ẹni tó kọ́ aládùúgbò rẹ̀ ní ọbẹ̀, tó ka gbogbo èròjà fún un, tó wá rọra fo irú. Ọ̀làwọ́ ni, kò ṣahun. Kí ọbẹ̀ ẹlòmíràn ṣáà má dùn tó tirẹ̀ ni. Irú ọ̀làwọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín àwa tó ń bá dókítà wá ìwé.

Ṣé o mọ iṣẹ́ wa? Kọ̀ǹpútà gọ̀, ọ̀rẹ́ mi: kò mọ̀ pé Àbẹ̀kẹ́ àti Ìyá Ràájí lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí dókítà bá ń wá ìwádìí lórí ibà pọ́njú ọmọ tuntun, àwa la máa to gbogbo orúkọ tí àìsàn náà ń jẹ́, àti gbogbo ohun tó lè fà á, jọ ní ìlà-ìlà, ká tó fi bọ́ ẹ̀rọ. Ìtòjọ yẹn là ń pè ní ìlànà ìwárí, ó sì ń jẹ àkókò. Ìdí nìyẹn tí àwa òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ìṣègùn agbègbè wa fi pinnu pé ká máa kó tiwa sójú kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ mú un lò. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wa kan to gbogbo oyè rẹ̀ sókè tirẹ̀. Oyè náà gùn ju ìlànà lọ.

Tèmi lórí ibà pọ́njú ni obìnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa ní Ọ̀yọ́ mú lò fún dókítà ọmọdé wọn, tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn aboyún. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ ni, wọn ò tíì kọnfáàmù ẹ̀. Nígbà tí mo lọ sí Ọ̀yọ́ fún ìpàdé wa, dókítà já wọlé bá èmi àti obìnrin náà.

"Màdáàmù, ṣebí ẹ ní ẹ wá gbogbo ẹ̀ tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Káńfọ̀ ńkọ́? Ọmọ kan wà ní wọ́ọ̀dù mi, ojú ẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ, gbogbo aṣọ ẹ̀ ló ń rùn káńfọ̀. Ìwádìí wà rẹpẹtẹ pé ó lè fa ibà pọ́njú fún ọmọ tuntun! Kò sí ọ̀kan nínú èyí tẹ́ ẹ kó fún mi. Ìyá ẹ̀ jókòó síbi ẹ̀kọ́ wa, a ò sọ fún un!"

Mo mọ ibi tí ìlà káńfọ̀ wà: ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Obìnrin náà wò mí, ó wolẹ̀. "Ìlànà ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo lò, sà. Ọ̀gá ni wọ́n. Bí nǹkan bá fò, èmi ni mo fò ó."

"Ṣé irú iṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọnfáàmù èèyàn rèé?" Dókítà yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?"

Mo wúkọ́ bíi lèmọ́mù tó fẹ́ gun mínńbárì. "Ó yẹ kí wọ́n ti fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò."

Obìnrin náà sìn mí dé gáréèjì. Ó ra wàrà fún mi. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mo ba orúkọ yín jẹ́." Mo jẹ wàrà náà, ó tiẹ̀ dùn.

Bí mo ṣe délé, kí n tó bọ́ bàtà, mo dá ìlà káńfọ̀ náà padà sójú kan tí gbogbo wa ń kó ìlànà sí. Láàárọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé ẹ ti bá mi fi káńfọ̀ sí i. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín." Mo dáhùn pé, "Kò tọ́pẹ́."

Ọmọ yẹn yè, ọpẹ́ ni. Ìwé ìkọnfáàmù obìnrin náà kò jáde lọ́dún yẹn. Ó ṣì ń kí mi gbogbo ọdún iléyá, adúrà tó sì ń ṣe fún mi máa ń gùn. Bí mo bá ti gbóòórùn káńfọ̀ níbikíbi, adúrà yẹn ni mo máa ń gbọ́. Mo ti fi àwọn tó ń fo irú ṣẹ̀fẹ̀ títí. Èmi náà fò ó. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni, mi ò sì tíì sọ fún un.