Bátìrì Mẹ́rin Tí Mo Sá Sóòrùn

Ìṣojú mi kòrókòró ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò. Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ náà kọ́ èjìká, ìka mi ni mo fi tẹ bọ́tìnnì pupa, etí mi méjèèjì ló sì gbọ́ ohun tó jáde. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó kọ́kọ́ sọ ibi tí òun wà lọ́jọ́ náà.

Ìwé méjì ni mo kà tí mo fi kúrò nílé ìwé, ẹnikẹ́ni kò sì lé mi. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́, ní bí 1988 sí 1989, ẹni tó bá ní ohùn tó fẹ́ tọ́jú, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e wá. Ṣọ́ọ̀bù mi kò gbà ju àga mẹ́ta lọ, ó kọjú sí ọ̀nà tó já sí Ọjà Akẹ̀sán. Mò ń gba wáàsí sílẹ̀, mò ń gba ìsìn ìdúpẹ́, mò ń gba ìsọmọlórúkọ. Àràárọ̀ ni mò ń fi òwú àti sípíríìtì nu inú ẹ̀rọ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Mo mọ bí ẹnu ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí maikí tó kí ohùn má baà fọ́. Mo mọ kásẹ́ẹ̀tì tí a gba ohùn sí tààrà, mo sì mọ èyí tí a dà kọ láti ara òmíràn. Tí wọ́n bá dà á kọ lẹ́ẹ̀kan, ariwo ṣííí kan á wọ inú rẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀ ní abúlé kejì. Tí wọ́n bá fi dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹta, òjò náà á ti dé orí òrùlé rẹ. Àwọn tó kàwé yanjú kò mọ èyí. Èmi mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi ló rán mi níṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Orúnkún ti mú un jókòó sílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti bí ọdún méjì, kò lè wọ mọ́tò mọ́. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje. Ìyá tó bí wọn a máa ki àwọn ọmọ rẹ̀ níbi ìwẹ̀. Bó ṣe ń bu omi sí wọn lára ló ń kì wọ́n, oríkì tó fi ẹnu ara rẹ̀ hun, ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ìyá náà kú nígbà tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀. Àkọ́bí wọn, obìnrin, ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, òun ló sì ń fi í ki àwọn àbúrò. Nígbà tí mò ń wí yìí, òun àti ìyá mi nìkan ló kù láyé. Ó wà nílé ọkọ ní Ìrẹsà, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Ìrẹsà là ń pè é.

Mo bi ìyá mi pé ṣé kò mọ oríkì tirẹ̀ ni.

"Ta ní ń ki ara rẹ̀?" ó ní. "Ṣé kí n máa fi ẹnu ara mi yin ara mi bíi tìẹ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ẹlòmíràn ní ń kini. Ẹni tí wọ́n ń kì a tẹrí ba, orí rẹ̀ a wú, ara rẹ̀ a fúyẹ́. Kì í kọ́ ọ sórí. Látìgbà tí orúnkún ti dá ìyá mi dúró, kò tún sẹ́ni tó kì í mọ́. Ó ní ìlà méjì péré ló ṣì ń wá sí òun létí bí òun bá ń tòògbé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, bó bá sì ku díẹ̀ kó kan ìkẹta, oorun a dá.

"Lọ bá mi gbé ohùn ẹ̀gbọ́n mi wá," ó ní. "Kí n gbọ́ ohun tí ìyá mi pè mí, kí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì tó lọ."

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó máa wò káàkiri yàrá pé níbo ló jókòó sí."

Bátìrì mẹ́rin ni ẹ̀rọ tí mò ń gbé rìn ń lò. Ọgbọ́n kan wà tí gbogbo wa mọ̀ nígbà náà. Bátìrì tó bá ti rẹ̀, a ó sá a sóòrùn, agbára á sì padà sára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi sá tèmi sórí páànù, nínú ọyẹ́. Nígbà tí mo dé gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá kan tó ń ta bátìrì àti àbẹ́là rí ẹ̀rọ náà lọ́rùn mi.

"Onítéèpù, mú bátìrì tuntun dání o. Ó lè má sí níbi tí ò ń lọ."

"Ìyá, èyí tó wà nínú rẹ̀ gbóná ju tiyín lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi yáàrùn."

"Gbígbóná kọ́ ni kíkún o! Omi gbígbóná ò ṣáà di ọbẹ̀."

Àwọn dírẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wọ mọ́tò.

Ọ̀sán ni mo wọ Ìrẹsà. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan, oòrùn sì wà lókè bí ẹyin tí wọ́n fi aṣọ funfun dì. Wọ́n sá láfún sórí àpáta, ó lọ rẹrẹ, ó lọ rẹrẹ, títí n kò fi mọ ibi tí láfún parí sí àti ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìrẹsà jókòó lábẹ́ igi máńgòrò nínú aṣọ funfun. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ, ìyá mi sì ń kírun ní tirẹ̀. Kò dá nǹkan kan sílẹ̀ láàrin wọn rí. Ó ti tín-ín-rín débi pé atẹ́gùn ló dà bí ẹni pé ó gbé e jókòó síbẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó kí mi títí, ó wá tẹjú mọ́ ẹ̀rọ.

"Ṣé nǹkan yìí ń gbọ́ wa báyìí?"

"Ó ń gbọ́, Ìyá. Ó ń gbọ́ ju ènìyàn lọ."

"Mo kí i lẹ́ẹ̀kan, kò jẹ́ mi. Ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ọ?"

Mo fi áńkáṣíìfù wé maikí kí atẹ́gùn má baà máa fẹ́ wọ inú rẹ̀. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká ti orí ti ìyá mi bẹ̀rẹ̀.

"Kí n ki àbíkẹ́yìn kí n tó ki àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀?" Ó wò mí bí ẹni tó bú u. "Àwọn márùn-ún tó ti lọ ń gbọ́ o. Kí wọ́n wá ní mo fò wọ́n torí ẹ̀rọ?"

Mo tẹ bọ́tìnnì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ kejì. Òun fúnra rẹ̀ ni àkọ́bí, ó sì fo tirẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀, n kò béèrè.

Ohùn náà jáde. Èmi tí mo ti gba ohùn tí n kò lè kà, n kò gba irú rẹ̀ rí. Bó ṣe ń kì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń bu omi tí kò sí, ó ń dà á sára ọmọ tí kò sí. Àwọn ọmọ náà ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní tútù, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dúró sínú eruku funfun yẹn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè na ọwọ́ kàn wọ́n. Ará àdúgbò kan á kọjá, á kúnlẹ̀, "Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá." Ìyá á dúró. Á béèrè ọkọ, á béèrè ọmọ, á béèrè ewúrẹ́ tó bí ìbejì, á tó padà sórí oríkì. Báwo ni n óò ṣe ní kí wọ́n má kí àgbà? Kásẹ́ẹ̀tì ń yí, bátìrì ń lọ. Mo rí i tí kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ ń yí jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, mo sì rò pé ọ̀sán náà ló mú un bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo nǹkan ló ń lọ jẹ́jẹ́ ní Ìrẹsà lọ́jọ́ yẹn, títí kan èéfín ìdáná.

Ti ìyá mi ló kì kẹ́yìn. Ó gùn, ó dùn, omijé bọ́ lójú mi, n kò tijú láti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà díẹ̀, mo jẹ́ kí Ìyá gbọ́ ìparí rẹ̀. Ohùn náà pé pérépéré.

"Èmi rèé?" ó ní. "Ohùn ìyá wa mà ni."

Mo sọ fún gbogbo agbo ilé pé kò sí ẹlòmíràn tó lè gbà á bẹ́ẹ̀ láti Ìrẹsà dé Ìbàdàn. Nígbà tí mò ń padà, ẹ̀rọ náà ti dákẹ́ pátápátá. Mo yọ bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo jù wọ́n sínú igbó.

Ìyá mi wé gèlè kí n tó tẹ̀ ẹ́. Iná wà lọ́jọ́ yẹn, mo sì fi kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ ńlá. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kún yàrá. Ìyá mi wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wo orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ̀gbọ́n mi rèé! Ẹ̀gbọ́n mi rèé o!" Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró.

Nígbà tó di ọmọ kẹta tó ń kì, ohùn náà ti fúyẹ́ díẹ̀. Nígbà tó di ìkẹrin, ọlọ́mọge ló ń kì. Nígbà tó di ìkarùn-ún, ọmọdébìnrin ni. Nígbà tó wá kan ìyá mi, ohùn náà ń sáré, ó tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ ẹ̀ga, ọ̀rọ̀ ń gun orí ọ̀rọ̀.

"Ta lọmọ yìí?" ìyá mi bèèrè.

"Ìyá Ìrẹsà ni, Màámi."

"Kí ló ń lé e?"

Mo dá a padà, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún sáré kọjá. Ìyá mi pa ojú dé. "Báyìí ni ohùn rẹ̀ ṣe rí nígbà tó ń pọ̀n mí," ó ní wẹ́lẹ́. "Báyìí gan-an. Mo gbọ́ ohùn. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé mi níbẹ̀, láìsí olùkọ́ kankan. Oòrùn kò fi agbára kankan sínú bátìrì yẹn ju ti wákàtí kan lọ. Bó ṣe ń kú lọ, ẹ̀rọ ń fa kásẹ́ẹ̀tì jẹ́jẹ́, ó sì ń to ọ̀rọ̀ jọ mọ́ra. Nígbà tí mo gbọ́ ọ ní Ìrẹsà, bátìrì tó ń kú náà ló ń yí i, ìdí nìyẹn tó fi pé. Ní Ọ̀yọ́, iná tó pé ló ń fà á, ló bá ń sáré. Mo fi ìka di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú kó má baà yára. Mo wá bátìrì tó ti rẹ̀ kiri Akẹ̀sán, èmi tí mo ti ju tèmi nù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é. Mo rí ìlà mẹ́sàn-án fà yọ, ìyá mi sì tẹrí ba fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Padà lọ," ó ní. "Bẹ̀ ẹ́ kó tún kì mí."

Mo ní mò ń lọ. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu ní Ìrẹsà, gbogbo agbo ilé sì gbọ́. Mo tún rántí ìyá oníbátìrì yẹn àti ẹ̀rín àwọn dírẹ́bà. Mo ní kí ọyẹ́ kọ́kọ́ lọ. Mo tiẹ̀ rán dírẹ́bà kan sí Ìyá Ìrẹsà pé ohùn rẹ̀ jáde dáadáa, pé ìyá mi jó lórí ìjókòó. Irọ́ tí mo pa nìyẹn, èmi ni mo pa á.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí n tó lọ. Bátìrì tuntun mẹ́jọ ni mo kó dání. Mo bá Ìyá Ìrẹsà lórí ẹní. Ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ ti kú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ohùn kò jáde mọ́. Ó dá mi mọ̀. Ó fi ìdajì ẹnu rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì wo ẹ̀rọ náà bí ẹni ń dúró dè é. Mo tẹ bọ́tìnnì. Nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí la fi jókòó bẹ́ẹ̀. Èémí rẹ̀ wà níbẹ̀, ìró omi tó ń kán láti orí koríko òrùlé wà níbẹ̀, adìẹ kan tó ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ náà wà níbẹ̀. N kò gba ohun tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí láyé mi.

Ó kú kí iṣu tuntun tó jáde. Ìyá mi tẹ̀lé e lọ́dún kejì.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó ti òkè òkun dé gbé ẹ̀rọ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, èyí tó ń gba ohùn sínú àwo kékeré kan tó ń dán, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ó ní kò sí ṣííí nínú rẹ̀, bátìrì ì báà rẹ̀, kò ní fà. Ó da kásẹ́ẹ̀tì mi kọ sínú rẹ̀. Mo fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ bo etí. Lóòótọ́, kò fi òjò kankan kún un. Ọ̀rọ̀ ìyá mi sáré kọjá níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sáré nílé wa, àwo náà sì tọ́jú àṣìṣe mi láìsí àbààwọ́n. Ohun kan ló fún mi: mo gbọ́ ibi tí Ìyá Ìrẹsà ti ń mí ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì lè ka iye ìlà náà.

Oríkì méje ni ìyá wọn hun. Márùn-ún wà lọ́wọ́ mi, ti àwọn tó ti kú kí n tó gbé ẹ̀rọ lọ. Ti Ìyá Ìrẹsà fúnra rẹ̀, kò sí ìlà kankan. Ti ìyá mi, ìlà mẹ́tàlélógún. Mẹ́sàn-án ló gbọ́. Mẹ́rìnlá ló sọnù.